Wọ́n Ní Kí N Mú Àbúrò Mi Sanra

Mo ti ya òkú olókùú títí ó fi mọ́ mi lára. Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe ní Àkúrẹ́, ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba, kò sì sí irú ìnáwó tí mi ò tíì gbé kámẹ́rà dé: ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìṣílé, ìsìnkú arúgbó tí àwọn ọmọ fi ijó sin. Ẹni tó bá mọ̀ mí á sọ fún yín pé inú tètè máa ń bí mi, pé mo lè lé ọkọ ìyàwó kúrò níwájú kámẹ́rà bó bá ń ṣe ràdàràdà. Wọn ò parọ́ mọ́ mi. Ṣùgbọ́n àwòrán mi kì í mì. Ọjọ́ tí mo ya òkú àbúrò mi ló mì, àfi ìgbà tí mo gbé kámẹ́rà lé orí ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀ ni mo tó rí nǹkan gidi yà.

Àwa mẹ́ta ni ìyá wa bí: ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, èmi, àti àbúrò mi yìí tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn. Oǹdó ni wọ́n bí wa sí, ibẹ̀ ni ìyá wa ṣì wà dòní, nínú ilé tí bàbá wa fi owó kòkó kọ́ kó tó kú. Iṣẹ́ ló gbé àwa ọmọ wá sí Àkúrẹ́. Àbúrò mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàka, ó kọ́lé sí ọ̀nà Ọ̀dà, ó fẹ́yàwó, ó bímọ. Ó sanra o! Bó bá jókòó síwájú mọ́tò mi, mi ò ní ráyè fa jíà, a ó sì máa bú ara wa títí a ó fi dé ibi tí à ń lọ. Ìgbà ọyẹ́ ni kíndìnrín rẹ̀ dáṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí iṣu tuntun fi máa jáde, èmi nìkan ni mò ń gbé e láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga, kò sì ni mí lára rárá.

Ìyá wa kò mọ nǹkan kan nínú gbogbo èyí. Àbúrò mi ló ní ká má sọ. Ìyá wa ní ẹ̀jẹ̀ ríru, eegun ìbàdí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè rìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́bàá ilé. Ó ti pẹ́ gan-an tó ti wá sí Àkúrẹ́ kẹ́yìn, àwa la máa ń lọ wò ó. Àbúrò mi ní, “Bí Màámi bá fi rí mi báyìí, wọ́n á ṣíwájú mi lọ ni.” Mo bá a jà. Mo ní ìyá kì í ṣe àlejò, kó jẹ́ kí n lọ gbé wọn wá. Ló bá bú sẹ́kún, ó fi bàbá wa tó wà nínú ilẹ̀ bẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n wa náà sì dúró gbọin lẹ́yìn rẹ̀. Kí ni kí n wá ṣe? Òun ló ni ara rẹ̀, òun ló ni àìsàn rẹ̀.

Fóònù ló fi ń kí ìyá wa. Á ní ká gbé ìrọ̀rí sí òun lẹ́yìn kí ohùn òun lè jáde, á wá tújú ká bí ẹni tí ìyá wa ń wò. “Mo ti jẹun yó, Màámi. Iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́fíìsì, ìyẹn ni ẹ ò ṣe rí mi.” Bí ìyá wa bá ní òun fẹ́ kí ẹnì kan wá gbé òun wá kí òun wá wo àwọn ọmọ, á ní, “Háà, Màámi, ẹ má dán an wò! Ọ̀nà yẹn ti bàjẹ́ kọjá àfẹnusọ. Ìdajì ọjọ́ lèèyàn ń lò níbẹ̀ báyìí. Ìbàdí yín ò lè gbà á.” Bó bá ti gbé fóònù sílẹ̀ tán, á kọjú sí ògiri.

Nígbà tó kú, èmi, ẹ̀gbọ́n mi àti pásítọ̀ àbúrò mi la lọ sọ fún ìyá wa ní Oǹdó. Ẹ̀gbọ́n mi ló sọ ọ́. Ó ní, “Ó sùn ni, Màámi, kò sì jí mọ́.” Ohun tí a ti fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí láti Àkúrẹ́ nìyẹn. Ìyá mi ń gé ilá lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Kò ké. Ó ń gé ilá náà lọ ni, ó gé e títí ó fi tán, ó wá ń fi ọ̀bẹ gé àwo lásán. Ẹ̀gbọ́n mi rọra gba ọ̀bẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lọ́dọ̀ wa, òbí kì í sin ọmọ. Ìyá kì í fojú kan òkú ọmọ tó bí, kò sì gbọdọ̀ mọ ibojì rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ wa, a bá a nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, onígbàgbọ́ ń tẹ̀ lé e, mùsùlùmí ń tẹ̀ lé e. Òkú ọ̀fọ̀ ni, wàràwàrà ni wọ́n máa ń gbé e wọlẹ̀, wọ́n á sì fi ìyá pamọ́ sílé pẹ̀lú àwọn obìnrin tí yóò máa ṣọ́ ọ. Ìyá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò bá wa jiyàn pé òun fẹ́ wá. Èmi ló pè súnmọ́ra, ó di ọwọ́ mi mú.

“Ọkọ mi,” bó ṣe máa ń pè mí nìyẹn, “ṣebí ìwọ lò ń ya gbogbo òkú Àkúrẹ́?”

“Èmi ni, mà.”

“Ya ti ọmọ mi fún mi. Wọn ò ní jẹ́ kí n débẹ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ rí pé àṣà kan ní kí n má wo tẹlifíṣọ̀n nínú ilé mi. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí o sì yà á kó mọ́ o. Mi ò fẹ́ èyí tó ń ṣe wúrúwúrú.”

Mo ní mo gbọ́. Nígbà tí a jáde síta, ẹ̀gbọ́n mi ní kò burú, bó bá yá, a ó ní kámẹ́rà ló bàjẹ́. Kámẹ́rà mi kì í bàjẹ́, ìyá mi sì mọ̀.

Mo yà á lọ́jọ́ ìsìnkú láti òwúrọ̀ títí dé ẹ̀yìn ilé rẹ̀ lọ́nà Ọ̀dà, níbi tí a sin ín sí. Ìyẹn ló kó mi sínú wàhálà tí mo fẹ́ sọ yìí. Ìyá mi kì í lo irú fóònù tó ń gbé àwòrán. Ó ní àwọn èèyàn inú rẹ̀ kò ju èékánná lọ. Ohun tó ní ni tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan, èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ yọ gọ́ńgọ́, àti ẹ̀rọ DVD tó fi ń wo pléètì ìsìn ìdúpẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ta ló tún ń ṣe pléètì láyé ìsinsìnyí? Fíláàṣì ni gbogbo oníbàárà ń gbé wá, tàbí kí wọ́n ní kí n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, níbi tí wọn yóò ti fún àwòrán tí mo fara balẹ̀ yà pa bí ẹni fún ọsàn. Mo wá ẹ̀rọ tó ń kọ pléètì kàn nísàlẹ̀ tábìlì, mo fẹ́ eruku rẹ̀ kúrò. Pléètì tí mo kọ́kọ́ rà lọ́jà, ayédèrú ni, ó ń kọ́sẹ̀ láàárín. Mo pariwo mọ́ ẹni tó tà á fún mi débi tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù kejì fi jáde wá wò wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pléètì ló ń bí mi nínú, èmi náà mọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ yìí díẹ̀. Pléètì ní ìwọ̀n ohun tó lè gbà. Bí o bá fẹ́ kí àwòrán mọ́ bó ṣe mọ́ nínú kámẹ́rà, má fi kọjá bíi wákàtí kan sórí ẹyọ kan. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ki òde ọjọ́ kan gbáko mọ́ ọn bí ẹni ń ki aṣọ mọ́ báàgì. Bí èèyàn inú rẹ̀ bá ti mira báyìí, ojú rẹ̀ á ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ kan fífẹ̀ àti gígùn. Àwòrán tó fẹ̀ ju bó ṣe ga lọ ni kámẹ́rà òde òní ń yà. Tẹlifíṣọ̀n ìyá mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí kọ̀ǹpútà bá fún un mọ́ ọn láìbìkítà, ojú gbogbo èèyàn á gùn bí ojú ẹṣin. Ohun tó tọ́ ni kí o fi dúdú díẹ̀ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, kí ojú kálukú dúró bí Ọlọ́run ṣe dá a.

Mo pinnu pé ti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni màá fi síbẹ̀, kó parí sẹ́nu ọ̀nà níbi tí a ti ń gbé pósí jáde. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò ní fi ibojì han ìyá, àwòrán náà á sì ráyè mọ́ lórí pléètì. Mo jókòó tì í nínú ṣọ́ọ̀bù, mo sì ń wo àbúrò mi. Háà, ikú! Ẹ̀wù funfun tó máa ń fún un lọ́rùn tẹ́lẹ̀, ọrùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀ bí ọmọ odó nínú odó. Àwọn tó tọ́jú òkú ti ṣe ohun tí wọ́n lè ṣe sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè ṣe nǹkan kan sí ọwọ́. Òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, òwú ni ìyàwó rẹ̀ wé mọ́ ọn kó má baà yọ́ bọ́. Kámẹ́rà mi rí òwú náà kedere. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé àwòrán yìí mọ́ jù fún irọ́ tí a ti pa.

Ẹ̀gbọ́n mi wọlé bá mi níbẹ̀. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

“Olúwa mi o. Báyìí ló ṣe hàn tó?”

“Báyìí náà ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Màámi kò gbọdọ̀ rí èyí. Ó sùn, kò jí ni a sọ fún wọn o. Ṣé ẹni tó sùn tí kò jí ló rí báyìí? Wọ́n á mọ̀ pé ó ti pẹ́ tó ti ń kú lọ, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ wọn á sì ti ru. A ò tíì bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀ ọ̀kan.” Ó fa àga, ó jókòó. “Bà á jẹ́ díẹ̀. Má jẹ́ kó mọ́ tó yìí.”

“Kí n ba kí ni jẹ́?” Inú bí mi. “Ìyá mi ní kí n má fún àwọn ní wúrúwúrú, ẹ̀yin wá ní kí n sọ ọ́ di wúrúwúrú? Ẹ gbà mí o!”

Ẹ̀gbọ́n mi wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka tọ́ ojú kọ̀ǹpútà. “Ìwọ lo máa ń ráhùn pé àwọn tí kò mọṣẹ́ ń fún èèyàn pọ̀ títí ojú á fi gùn. Ṣé bó bá lè gùn, kò lè fẹ̀ ni? Fà á fẹ̀. Mú un sanra. Jẹ́ kó rí bí Màámi ṣe mọ̀ ọ́n.”

Mo fẹ́ bú u, bí ẹ̀gbọ́n bá ṣeé bú. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ti ń ṣe é kí ẹnu mi tó là. Mo fa àwòrán náà sápá ọ̀tún, mo fà á sápá òsì. Ẹ̀yin èèyàn mi, àbúrò mi sanra! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún padà, ọrùn rẹ̀ kún inú ẹ̀wù. Ó rí bó ṣe rí lọ́dún Kérésìmesì tó kọjá, tó jẹ iyán tán tó sùn lọ sórí àga. Mo wò ó, mi ò lè mira. Ó wù mí kí n máa wò ó bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́kọ́ rí àwọn yòókù. Pásítọ̀ fẹ̀ bí táǹkì omi. Pósí fẹ̀ bí bẹ́ẹ̀dì ọba. Òun fúnra rẹ̀, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ lè gbé e lọ, ìdí rẹ̀ gba àga méjì nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀rín ta sí i lẹ́nu, ó gbìyànjú láti gbé e mì, kò gbé e mì. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí a fi di ara wa mú, nígbà tí ó yá, mi ò mọ ẹni tó kọ́kọ́ ń sunkún nínú wa.

“Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀,” ló wí nígbà tó nu ojú tán. “Wọn ò ní wo ẹlòmíràn. Ọmọ wọn ni wọ́n máa wò.”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Bí nǹkan bá ṣe Màámi, ọrùn rẹ ló wà o.”

“Ẹ jẹ́ kó wà lọ́rùn mi.”

Ó binú jáde. Mo dá àwòrán náà padà sí bó ṣe wà. Kì í ṣe pé mo gbọ́n jù ú lọ, kì í sì ṣe pé ẹ̀rù ohun tó sọ kò bà mí. Ó kàn jẹ́ pé ojú tó fẹ̀ yẹn kì í ṣe ojú ẹni tí mo fi ọwọ́ ara mi gbé láti orí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Ẹni yẹn jìyà. Mi ò lè pa á rẹ́ kí n wá máa pe ìyẹn ní iṣẹ́ fídíò.

Ẹ̀gbọ́n mi bá mi lọ sí Oǹdó lọ́jọ́ tí mo gbé pléètì náà lọ, ṣùgbọ́n ìjókòó ẹ̀yìn ló wà, kò bá mi sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló sọ kí a tó wọlé: “Mo ti mọ ohun tí màá wí. Ṣáà dákẹ́ sí i.” Mo ní màá dákẹ́.

Iná wà, ọpẹ́ ni. Ìyá mi ti wẹ̀, ó ti wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ gba Oúnjẹ Olúwa, ó sì ti fa àga rẹ̀ súnmọ́ tẹlifíṣọ̀n bí ọmọdé. Mo ki pléètì bọ ẹ̀rọ. Ó kọ́kọ́ ṣú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni àwòrán tàn, ó mọ́ rekete. Àbúrò mi ló wà níbẹ̀ nínú pósí rẹ̀, nínú ẹ̀wù funfun. Ìyá mi tẹ̀ síwájú títí imú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan dígí.

“Dá a dúró.”

Mo tẹ rìmóòtù. Àwòrán dúró.

“Kí ló ṣe é lójú?”

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń dúró de ìbéèrè yìí. “Pléètì ló fà á gùn, Màámi. Tẹlifíṣọ̀n yín ti gbó, kì í gba fídíò òde òní dáadáa, gbogbo ojú ló máa ń fún pọ̀. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ẹ bi í wò.”

Ìyá mi wò mí. Mo tẹjú mọ́lẹ̀.

“Tẹ̀ ẹ́ kó máa lọ.”

Ó ń lọ. Orin bẹ̀rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn èèyàn ń kọjá níwájú pósí lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ̀gbọ́n mi sì yọ láàárín wọn, ó dúró, ó dojú kọ kámẹ́rà, ó ń fi gèlè nu omi ojú.

“Dá a dúró.”

Mo dá a dúró. Ìyá mi fi ọwọ́ tọ́ dígí níbi tí ojú ẹ̀gbọ́n mi wà, ó wá yíjú padà wo ẹ̀gbọ́n mi gan-an níbi tó jókòó sí. Ó wo èyí, ó wo tọ̀hún.

“Bí o ṣe rí nínú rẹ̀ lo ṣe jókòó síwájú mi yìí,” ló wí. “Kò fún ọ pọ̀. Kò fún pásítọ̀ pọ̀. Ọmọ mi nìkan ni pléètì fún pọ̀?”

Ẹ̀gbọ́n mi yọ́ sílẹ̀ láti orí àga, ó kúnlẹ̀. Èmi náà dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, rìmóòtù ṣì wà lọ́wọ́ mi.

“Ó ti ń ṣàìsàn,” ni ìyá mi wí. Kò bi wá, ó kàn sọ ọ́ ni. “Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà ọyẹ́, mà,” ni mo wí.

“Ó pè mí lọ́jọ́ Àjíǹde. Ó ní òun ti jẹ iyán.”

“Kò lè jẹ iyán mọ́ nígbà yẹn, mà.”

“Kí ló ń jẹ?”

“Ògì, mà. Nígbà mìíràn ó máa ń bì í padà.”

“Ta ló ń fún un?”

“Ìyàwó rẹ̀ ni. Bó bá rẹ ìyẹn, èmi.”

Ìyá mi mi orí. “O ṣeun,” ló wí fún mi. Ẹ bú mi, ẹ lù mí, ó yá mi lára ju “o ṣeun” yẹn lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń sunkún. “Ẹ̀jẹ̀ ríru yín la rò, Màámi. Òun náà ló sì ní ká má sọ. Ó ní ẹ ò ní lè gbà á.”

“Ọmọ ló jẹ́. Ọmọ lè sọ ohun tó bá wù ú. Ẹ̀yin ńkọ́?” Ohùn rẹ̀ kò lọ sókè rárá. “Mo sin bàbá yín, ẹ̀jẹ̀ ríru kò pa mí. Ẹ ò jẹ́ kí n rí ọmọ mi láàyè, ẹ ní nítorí ìlera mi. Ẹ ò jẹ́ kí n rí òkú rẹ̀, ẹ ní nítorí àṣà. Ìròyìn kò tó àfojúbà, ìròyìn náà gan-an, irọ́ lẹ fi ṣe é fún mi. Kí ló wá kù fún mi?”

Ó nawọ́ sí ọ̀pá tó fi ń tilẹ̀.

“Gbé mọ́tò rẹ síta.”

“Ibo là ń lọ, mà?”

“Ibi tí ẹ sin ín sí.”

Ẹ̀gbọ́n mi fò dìde. “Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Èèwọ̀ ni. Òbí kì í mọ ibojì ọmọ!”

“Èmi á mọ tèmi.”

Mo gbé mọ́tò síta. A fi ìrọ̀rí méjì sí ìjókòó iwájú nítorí ìbàdí rẹ̀, a sì gbé e sórí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wọ ẹ̀yìn. Mo rọra ń wa mọ́tò bí ẹni tó kó ẹyin, mo ń yà fún gbogbo kòtò, ṣùgbọ́n kòtò ọ̀hún kò tó nǹkan. A kọjá Bọ́lọ́rundúró. Ní Òwénà, àwọn obìnrin sáré gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá sí fèrèsé, mo ṣẹ́wọ́ sí wọn pé rárá. Ìyá mi kò kérora, ojú ọ̀nà ló ń wò. Mo rò pé ibojì tó máa rí ló ń rò. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má ru kí a tó débẹ̀.

Kò tíì ju wákàtí kan lọ tí ilé fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ lọ́tùn-ún lósì, tí ọ̀kadà ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, ìyá mi bi mí pé, “Ìlú wo lèyí?”

“Àkúrẹ́ ni, mà. A ti dé.”

Ó yíjú wò mí bí ẹni tí mo tún ń parọ́ fún. Ó wo òde, ó wo àwọn pátákó tí wọ́n kọ orúkọ ìlú sí. Ẹ̀gbọ́n mi ti fi gèlè di ẹnu ara rẹ̀ lẹ́yìn.

“Ibí yìí?” ni ìyá mi wí. “Ibí yìí ni ọmọ mi wà? Ǹ bá fẹsẹ̀ rìn ín wá.”